Ìbẹ́pẹ làwọn ará Thailand ń gún nínú odó! Ẹ̀yin tẹ́ ẹ ń lọ Bangkok, ẹ má febi pa ara yín

Àìrìn jìnnà làìrí abuké ọ̀kẹ́rẹ́. Àwọn kan wà nínú wa tó jẹ́ pé bí wọ́n bá fẹ́ lọ ra aṣọ lọ́jà Pratunam ní Bangkok, gààrí ni wọ́n á kọ́kọ́ dì sínú báàgì. Wọ́n ní àwọn ò lè jẹ kòkòrò. Lóòótọ́, wọ́n ń dín ìrẹ̀ tà lẹ́gbẹ̀ẹ́ títì níbẹ̀. Àmọ́ ṣé àwa náà ò mọ ìrẹ̀ yíyan ni? Ta ló sì ń sá fún ẹ̀súnsún?

Ẹ wo som tam ná. Ìbẹ́pẹ tí kò tíì pọ́n ni wọ́n ń rẹ́ wẹ́wẹ́, wọ́n á kó o sínú odó pẹ̀lú ata, aáyù, ẹ̀pà, ọsàn wẹ́wẹ́ àti omi ẹja oníyọ̀, wọ́n á wá máa fọmọ odó gún un jẹ́jẹ́. Ìrẹsì tó ń lẹ̀ mọ́ra ni wọ́n fi ń jẹ ẹ́, ọwọ́ ni wọ́n sì fi ń bu ìrẹsì náà bí ẹni ń bu òkèlè.

Pad thai ńkọ́? Ẹ ṣáà pè é ní ìndómì tí wọ́n fìrẹsì ṣe, tí wọ́n fẹyin, edé àti àjàgbọn dín. Ìjọba Phibunsongkhram, tó yí orúkọ Siam padà sí Thailand lọ́dún 1939, náà ló polongo ẹ̀ káàkiri. Ọbẹ̀ olómi kan tún wà, tom yum kung, tó ní edé àti koríko ọba nínú. UNESCO kọ ọ́ sínú ìwé àjogúnbá aráyé lọ́dún 2024.

Ẹ má sì fojú di olóúnjẹ ẹ̀gbẹ́ títì o! Ìyá àgbà kan wà tí wọ́n ń pè ní Jay Fai, iná èédú ló fi ń dáná, awò ńlá ló sì fi ń bojú kí epo má ta sí i. Lọ́dún 2017, wọ́n fún un ní ìràwọ̀ Michelin, èyí táwọn hòtẹ́ẹ̀lì olówó ńlá ń wá lójú méjèèjì. Ẹyin dídín tó kún fún akàn ló sọ ọ́ dolókìkí.

Ìkìlọ̀ ńkọ́? Ata wọn kì í ṣeré. Ẹ sọ pé "mai phet", ìyẹn ni pé ẹ ò fẹ́ ata. Ẹ̀yin Mùsùlùmí, ẹlẹ́dẹ̀ pọ̀ níbẹ̀, "mu" ni wọ́n ń pè é. Ibi tí wọ́n bá kọ "halal" sí ni kẹ́ ẹ wá lọ. Ẹni tí ẹ̀pà kì í bá lára mu gbọ́dọ̀ ṣọ́ra gidi: bí wọn ò tiẹ̀ fi sí tiẹ̀, agbada kan náà ni wọ́n fi ń dín tàwọn tó kù, ẹ̀mí sì lè bá a lọ. Ibi téèrò bá pọ̀ sí, tí oúnjẹ ń jó fòfò, ni kẹ́ ẹ yà sí. Omi inú ike tí wọn ò tíì ṣí ni kẹ́ ẹ mu.

Ẹ ránti pé látọdún 2014 nìjọba ti ń lé ọ̀pọ̀ olóúnjẹ kúrò lẹ́bàá títì Bangkok. Owó táṣẹ́rẹ́ tẹ́ ẹ bá san níbẹ̀, owó ilé ìwé ọmọ ẹlòmíì ni. Bẹ́ ẹ bá jẹun tán, ẹ sọ fún ìyá olóúnjẹ pé "aroy", ìyẹn ni pé ó dùn. Ẹ̀rín á bọ́ lẹ́nu ẹ̀.