Ríra Ẹ̀yà Ẹnjíìnì Àtúnrọ fún Ọkọ̀ Akẹ́rù Ẹgbẹ́

Ọ̀pọ̀lọpọ̀ nínú àwọn ẹgbẹ́ alájẹṣẹ́kù tí ó wà lábẹ́ àpapọ̀ wa ni ó ní ọkọ̀ akẹ́rù tí wọ́n fi ń kó kòkó, gàrí, pákó tàbí epo pupa lọ sí ọjà. Ní ọ̀pọ̀ ẹgbẹ́, kò sí ohun ìní tí ń mú owó wọlé tó ọkọ̀ yìí, kò sì sí èyí tí ń gba owó lọ́wọ́ akápò tó o pẹ̀lú. Láti oṣù kẹfà ọdún 2023, nígbà tí a yí ọ̀nà tí a fi ń ṣẹ́ náírà sí owó òkèèrè padà tí iye náírà sì já wálẹ̀ púpọ̀, ẹ̀yà ẹnjíìnì tuntun ti di ohun tí ọ̀pọ̀ ìgbìmọ̀ ń gbọ́ iye rẹ̀ tí wọ́n ń dákẹ́. Ìdí nìyí tí àwọn akọ̀wé ẹgbẹ́ fi ń béèrè lọ́wọ́ wa pé: ṣé kí àwọn ra èyí tí wọ́n kọ “Reman” sí lára páálí rẹ̀? Ṣé kì í ṣe tòkúnbọ̀ náà ni wọ́n fọ̀ tí wọ́n sì kùn lọ́dà?

Ìdáhùn wa ni pé ó lè dára ju tòkúnbọ̀ lọ fíìfíì, ó sì lè jẹ́ tòkúnbọ̀ tí a kùn lọ́dà gan-an. Ìwọ̀n tí a wọ̀n ọ́n àti ìwé tí a kọ ìwọ̀n náà sí ni ó lè fi ìyàtọ̀ hàn. Ọ̀dà kò lè fi í hàn, bẹ́ẹ̀ ni ẹnu ẹni tí ń tà á kò lè fi í hàn.

Ẹ jẹ́ kí á kọ́kọ́ ya àwọn ọjà náà sọ́tọ̀ọ̀tọ̀. Tòkúnbọ̀ ni ẹ̀yà tí a tú kúrò lára ọkọ̀ tí wọ́n ti lò ní òkè òkun, tí ọjà sábà máa ń pè ní “Bẹ́líjíọ̀mù”, ibi yòówù tí ó ti wá. Bí ó ti wà lára ọkọ̀ náà ni a ṣe gbé e wá. Bí ó bá ti jẹ dé ìdajì, ìdajì tí ó kù ni ẹ óò rà. Àtúnṣe ni èyí tí mẹkáníìkì tàbí tọ́nà ti tún ibi tí ó bàjẹ́ nínú rẹ̀ ṣe, tí ó sì fi ibi tí kò tíì bàjẹ́ sílẹ̀ bí ó ti wà. A kò bu iṣẹ́ yìí kù. Ọwọ́ àwọn ọmọ wa ní Agodi Gate ní Ìbàdàn àti ní Ládìpọ̀ ní Mushin ti dá ọ̀pọ̀ ọkọ̀ padà sójú ọ̀nà. Ẹ̀kẹta ni èyí tí a ń sọ̀rọ̀ rẹ̀, a ó sì máa pè é ní àtúnrọ, kí ó má baà dàrú mọ́ àtúnṣe.

Ìlànà kan tí wọ́n tẹ̀ jáde ní ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì ní ọdún 2009, tí nọ́ńbà rẹ̀ jẹ́ BS 8887-2, sọ pé àtúnrọ gbọ́dọ̀ ṣiṣẹ́ dé ìwọ̀n tí ó ń ṣe nígbà tí ó jẹ́ tuntun, ó kéré tán, àti pé ìwé ìdánilójú rẹ̀ gbọ́dọ̀ bá ti tuntun dọ́gba tàbí kí ó jù ú lọ. Ìlànà náà ya èyí sọ́tọ̀ kúrò lára ohun tí a kàn tún ṣe dé ibi tí ó lè ṣiṣẹ́. Ilé iṣẹ́ Caterpillar ní Amẹ́ríkà ti ń ṣe iṣẹ́ àtúnrọ láti ọdún 1973, Cummins náà sì ń ṣe é. Nítorí náà, kì í ṣe ohun tí àwọn oníṣòwò ṣẹ̀ṣẹ̀ hùmọ̀ láti fi gba owó wa.

Bí wọ́n ṣe ń ṣe é kò ṣòro láti yé ni. Irin ẹnjíìnì dísẹ́ẹ̀lì nípọn, ojú tí irin fi ń gbo irin ni ó sì máa ń jẹ jù. Ara tí ó kù lè wà níbẹ̀ fún ọ̀pọ̀ ọdún. Wọn a tú ẹ̀yà náà palẹ̀ pátápátá, wọn a fọ̀ ọ́, wọn a sì wọ̀n ọ́n níbi gbogbo. Bí ó bá jẹ́ irin tí òòfà lè fà, wọn a sọ ọ́ di òòfà, wọn a sì da ẹ̀tù irin lé e lórí. Ibi tí ó bá sán, bí ojú kò tilẹ̀ rí i, ẹ̀tù náà a tò sí i bí ìlà. Èyí tí ó sán ju bí ó ti yẹ lọ, wọn a sọ ọ́ nù. Èyí tí ó yè, wọn a lọ̀ ọ́ dé ìwọ̀n tí ẹni tí ó kọ́kọ́ ṣe é fọwọ́ sí, wọn a fi rọ́bà, bẹ́ríìnì àti ríìngì tuntun sí i, wọn a sì dán an wò kí ó tó wọ páálí. Ibi tí ẹ̀tàn ti ń wọlé ni pé a lè ṣe èyí tí ó kẹ́yìn nìkan, kí a fi í sínú páálí, kí a sì fo gbogbo ìyókù.

Kíránkì ni kí á fi ṣe àpẹẹrẹ, nítorí òun ni ó ń gba owó jù tí ó sì ń dá ìjà sílẹ̀ jù. Ẹ mú ẹnjíìnì OM 352, onísílíńdà mẹ́fà, tí ó wọ́pọ̀ nínú àwọn Mercedes 911 tí gbogbo wa mọ̀. Ọrùn méje ni kíránkì rẹ̀ fi jókòó sínú búlọ́ọ̀kù, ọrùn mẹ́fà ni ó sì fi di kọ́ńrọ́ọ̀dù mú. Bí àwọn ọrùn wọ̀nyí bá jẹ, a ó lọ̀ wọ́n kéré, a ó sì fi bẹ́ríìnì tí ó nípọn ju ti àtẹ̀yìnwá lọ dí àlàfo náà. Ìwọ̀n tí a fi ń lọ̀ wọ́n ní ìpele: 0.25 milimítà, tí àwọn mẹkáníìkì ń pè ní “ten”, 0.50 tí wọ́n ń pè ní “twenty”, àti bẹ́ẹ̀ bẹ́ẹ̀ lọ. Kíránkì tí ó wà ní “ten” sàn ju èyí tí ó wà ní “thirty” lọ, bí iye wọn bá tilẹ̀ dọ́gba, nítorí ó ṣì kù fún un láti tún lọ̀ lọ́jọ́ iwájú. Ẹ béèrè ìpele tí ó wà kí ẹ tó béèrè iye rẹ̀.

Ohun méjì mìíràn wà tí ojú lásán kò rí. Èkíní, ọ̀pọ̀ kíránkì ni wọ́n mú kí awọ ọrùn rẹ̀ le ní ilé iṣẹ́ kí ó má baà tètè jẹ. Ní ti àwọn mìíràn awọ náà fẹ́lẹ́ gan-an. Ẹni tí ó bá lọ̀ ọ́ tán tí kò tún mú un le padà, irin rírọ̀ ni ó tà fún yín. Èkejì ni igun tí ọrùn ti pàdé apá kíránkì. Ó gbọ́dọ̀ rí roboto bí inú ìgbákọ. Bí òkúta ẹ̀rọ bá gé e mú ṣánṣán, ibẹ̀ gan-an ni kíránkì yóò ti dá sí méjì lọ́jọ́ tí ẹrù bá wúwo tí òkè sì ga. Ẹ fi ìka yín wo igun yìí lórí gbogbo ọrùn. Lẹ́yìn náà kí tọ́nà tí ẹgbẹ́ fúnra rẹ̀ yàn fi maikirómítà wọ̀n ọrùn kọ̀ọ̀kan ní ọ̀nà méjì, kí ó kọ ọ́ sílẹ̀, kí ẹ tó san owó. Mẹkáníìkì tí ó bá sọ pé òun mọ̀ ọ́n lójú, ẹ dúpẹ́ lọ́wọ́ rẹ̀, kí ẹ sì tún wọ̀n ọ́n.

Ní ti tọ́ọ̀pù sílíńdà, ẹ fi irin tí ó tọ́ gbọnrangandan lé ojú rẹ̀ láti wò ó bóyá ó ti tẹ̀. Ẹ wo àárín àwọn fáàfù méjì dáadáa, nítorí ibẹ̀ ni ó sábà máa ń sán. Ẹ da kẹrosíìnì sínú ihò tí atẹ́gùn ń gbà wọlé àti èyí tí èéfín ń gbà jáde. Bí ó bá ń rọ́ jáde lẹ́gbẹ̀ẹ́ fáàfù, wọn kò lọ fáàfù náà mọ́ ìjókòó rẹ̀ dáadáa. Gásíkẹ́ẹ̀tì àti rọ́bà tí ń dí ọ́ìlì, ẹ má rà wọ́n ní àlòkù, tuntun ni kí ó jẹ́ nígbà gbogbo.

Nọ́sù ọkọ̀ àtijọ́ kò léwu púpọ̀, nítorí àwọn tí ń ṣe pọ́ńpù dísẹ́ẹ̀lì lè dán an wò lójú yín, kí ẹ rí i bóyá ó ń fọ́n bí ìrì tàbí ó ń kán tótó. Ti àwọn ọkọ̀ tí kọ̀ǹpútà ń darí yàtọ̀. Agbára tí ó wà nínú páìpù wọn lè kọjá 1,600 bar, ọ̀pọ̀ nínú àwọn nọ́sù náà ni ó sì ní nọ́ńbà tirẹ̀ tí a gbọ́dọ̀ tẹ̀ sínú kọ̀ǹpútà ọkọ̀ nígbà tí a bá fi sí i. Irú èyí tí kò bá ní ìwé àyẹ̀wò, tí a sì ti ha nọ́ńbà rẹ̀ kúrò, kí ẹ fi í sílẹ̀ fún ẹni tí ó ní i.

Àwọn ẹgbẹ́ kan a ra ẹ̀yà tí ó dára gan-an, kí oṣù tó parí ó ti kú, wọn a sì pe olùtajà ní olè. Tọ́bò ni ó ń fa èyí jù. Ọ̀pá inú tọ́bò lè yí ju 100,000 ìgbà lọ ní ìṣẹ́jú kan, orí ọ́ìlì tín-ín-rín ni ó sì ń léfòó sí. Ọ̀pọ̀ tọ́bò ni kì í kú fúnra rẹ̀: páìpù ọ́ìlì tí ó ti dí, ọ́ìlì tí ó ti di ẹrẹ̀, tàbí erùpẹ̀ tí ó gba fílítà afẹ́fẹ́ tí ó ti ya kọjá ni ó pa á. Bí ẹ bá yọ òkú tọ́bò tí ẹ sì de àtúnrọ mọ́ páìpù tí ó dí yẹn, ohun tí ó pa ti àkọ́kọ́ wà níbẹ̀ tí ó ń dúró dè é. Ẹ pààrọ̀ páìpù ọ́ìlì, fílítà méjèèjì àti ọ́ìlì fúnra rẹ̀, kí ẹ sì fi ọ́ìlì mímọ́ kún inú tọ́bò kí ẹ tó sáná sí ẹnjíìnì. Bákan náà ni kíránkì tí bẹ́ríìnì rẹ̀ lọ́: a ní láti mọ ìdí tí ọ́ìlì kò fi dé ọ̀dọ̀ rẹ̀ kí á tó ra òmíràn. Owó tí ẹgbẹ́ fi ra fílítà ni àwọn kan ń ka sí ìnáwó àpà, bẹ́ẹ̀ a ti rí ibi tí ó ti jẹ gbogbo èrè ọdún kan.

Ọ̀rọ̀ kù lórí owó. Àwọn tí ń ṣe àtúnrọ nílò àlòkù tí wọn yóò tún rọ, nítorí náà ni wọ́n fi máa ń gba owó ìdógò lé iye ọjà. Ẹ jẹ́ kí á fi àpẹẹrẹ ṣe é. Kì í ṣe iye ọjà ni a ń sọ. Bí kíránkì bá jẹ́ ₦400,000, tí ìdógò sì jẹ́ ₦100,000, ₦500,000 ni akápò yóò kó sílẹ̀ lọ́jọ́ náà. Bí ẹ bá dá kíránkì tiyín padà láàárín ọjọ́ tí wọ́n dá, ₦100,000 yóò padà wá. Ìgbìmọ̀ tí kò mọ èyí a fi ₦500,000 wé tòkúnbọ̀ ₦420,000, wọn a sì ní tòkúnbọ̀ ni ó pọ́ọ́kú. Ṣùgbọ́n bí tiyín bá ti dá sí méjì, tàbí tí kì í ṣe irú kan náà, wọ́n lè má gbà á. Ẹ wo àlòkù yín kí ẹ tó ṣírò ìdógò náà mọ́ owó tí yóò padà.

Òfin àpapọ̀ lórí ìdíje àti ààbò oníbàárà tí a ṣe ní ọdún 2018 sọ pé ẹni tí ó bá ń ta ọjà tí a tún ṣe tàbí tí a tún rọ gbọ́dọ̀ fi àkíyèsí sí i lára tí yóò hàn kedere pé bẹ́ẹ̀ ni ó rí. Ẹni tí ó ta àtúnṣe fún yín gẹ́gẹ́ bí tuntun ti rú òfin. Ṣùgbọ́n kò sí ẹni tí yóò gbọ́ ẹjọ́ yín láìsí rìsíìtì. Orúkọ ẹgbẹ́ ni kí ó wà lórí rìsíìtì, kì í ṣe ti awakọ̀ tàbí ti mẹkáníìkì. Kí wọ́n kọ nọ́ńbà tí ó wà lára ẹ̀yà náà sí i, ìpele tí a lọ̀ ọ́ dé, iye oṣù tí ìdánilójú fi wà, àti ẹni tí yóò san owó iṣẹ́ bí a bá ní láti tún un tú. Gbólóhùn tí ó kẹ́yìn yìí ni àwọn olùtajà kì í fẹ́ kọ. Olùtajà tí ó bá kọ ọ́ láìjanpata, ó ṣeé ṣe kí ó mọ ohun tí òun ń tà.

Ìgbìmọ̀ àpapọ̀ fẹ́ mọ iye ẹgbẹ́ tí ó ní irú ẹnjíìnì kan náà, kí á lè jọ dúnàádúrà ṣáájú oṣù kẹwàá tí kòkó yóò bẹ̀rẹ̀ sí í jáde. Kí akọ̀wé kọ̀ọ̀kan ka nọ́ńbà tí a tẹ̀ sí ara búlọ́ọ̀kù ẹnjíìnì fúnra rẹ̀, kí ó má ṣe kọ èyí tí ó wà nínú ìwé ọkọ̀, nítorí ọ̀pọ̀ ọkọ̀ wa ni a ti pààrọ̀ ẹnjíìnì rẹ̀. Kíránkì, tọ́ọ̀pù sílíńdà tàbí tọ́bò àlòkù tí ó bá wà ní ẹ̀yìn ilé ìpàdé, ẹ má tíì tà á fún àwọn tí ń ra irin kóńdẹ́mù. Ẹ fi gíríìsì pa á lára, ẹ fi náílọ̀nù wé e, kí ẹ sì gbé e sórí pákó níbi tí òjò kò ti lè dé.