Ẹ jẹ́ ká mọ̀: Rọ́bà kékeré tó ń ṣọ́ gáàsì

Àwọn èèyàn wa ní Amẹ́ríkà ń fi gáàsì mú ilé wọn móoru. Swíìṣì kan tó ní rọ́bà fẹ́lẹ́fẹ́lẹ́ wà nínú ẹ̀rọ tó ń mú ilé móoru: bí fáànù bá ń fa èéfín síta, rọ́bà á fà, gáàsì á ṣí. Bí yìnyín bá dí páìpù èéfín, gáàsì ò ní ṣí.

Ní Abúlé Òkúta wa níbí, ta ló ń wá ooru? Ṣùgbọ́n irú rọ́bà bẹ́ẹ̀ wà nínú rẹgulétọ̀ orí sílíńdà gáàsì yín. Òun ló ń dín agbára gáàsì kù. Kò mọ̀ bóyá èéfín ń jáde o! Nítorí náà, ẹ ṣí fèrèsé bí ẹ bá ń dáná. Bí gáàsì bá ń rùn, ẹ má fọwọ́ kan swíìṣì iná. Ẹ jáde, ẹ pe 112.