Ọ̀dà Àkọ́kọ́ Lára Ọkọ̀ Àtijọ́

Bí ẹ bá fẹ́ tún ọkọ̀ àtijọ́ ṣe kí ó rí bí ó ti rí lọ́jọ́ tí ó jáde ní ilé iṣẹ́, ẹ má ṣe yára ha ọ̀dà rẹ̀ dànù. Ọ̀dà ògbólógbòó náà ni ẹlẹ́rìí yín.

Ẹ wo Ford Model T, tí wọ́n ṣe ní Amẹ́ríkà láti 1908 títí di 1927. Àwọn ènìyàn a máa sọ pé dúdú ni gbogbo rẹ̀. Bẹ́ẹ̀ kọ́. Láti 1914 sí 1925 ni dúdú nìkan wà. Lára àwọn ti ìṣáájú jẹ́ pupa, àwọ̀ ewé tàbí eérú, àwọ̀ mìíràn sì tún padà ní 1926. Nítorí náà, ẹ kọ́kọ́ mọ ọdún ọkọ̀ yín.

Lẹ́yìn náà, ẹ wá ibi tí oòrùn kì í dé, bí abẹ́ àga. Ẹ fi sáńpépà rọra ha ibẹ̀ díẹ̀. Àwọ̀ yóò máa yọ ní ìpele-ìpele bí àlùbọ́sà. Èyí tí ó jókòó lé ọ̀dà ìpìlẹ̀ ni ti ilé iṣẹ́.

Ẹ má sì jẹ́ kí ó dán jù. Nígbà ayé ọkọ̀ dúdú wọ̀nyẹn, ńṣe ni wọ́n ń da ọ̀dà lé ara ọkọ̀ kí ó ṣàn sílẹ̀. Ọ̀dà tí ń kọ mànà bíi dígí kì í ṣe tirẹ̀.

Bí a bá ha ẹlẹ́rìí dànù, ta ni a óò bi léèrè?