Kóòdù Gbangba Náà Ní Onílẹ̀

Ẹni tó bá fẹ́ ra ilẹ̀ ní Àgbàdo-Òkè Odò kì í rí koríko kó gbà pé ilẹ̀ náà kò ní ẹni tó ni ín. Á béèrè ìdílé tó ń tà á, á gba ẹ̀dà sọ́fè, á ní kí lọ́yà bá òun yẹ̀ ẹ́ wò ní Aláùsá. Ó ti rí ọmọ onílẹ̀ tó dé lẹ́yìn tí búlọ́ọ̀kù ti dókè. Ó sì ti ka ohun tí wọ́n fi ọ̀dà kọ sára ògiri: ilé yìí kì í ṣe títà. Ṣùgbọ́n ọmọ ẹni náà tó ń ṣe áàpù nínú yàrá lè ṣí GitHub, ìkànnì tí àwọn èèyàn ń kó kóòdù sí, lóru, kó da igba ìlà kóòdù ẹlòmíì sínú iṣẹ́ tirẹ̀, kó sì sùn fọnfọn. Open source ṣáà ni.

Open source kò sọ kóòdù di ohun tí kò ní olúwa. Olúwa rẹ̀ ló yọ̀ǹda pé kí àwọn ẹlòmíì lò ó, ó sì ní bí ó ṣe fẹ́ kí wọ́n lò ó. Ìwé ìyọ̀ǹda yẹn ni láísẹ́nsì. Níbi tí kò bá ti sí láísẹ́nsì, kò sí ìyọ̀ǹda, ìbáà jẹ́ pé gbogbo ayé ló ń ka kóòdù náà. Òfin ẹ̀tọ́ oníṣẹ́ tí Ààrẹ Buhari fọwọ́ sí ní oṣù kẹta 2023 ka ètò kọ̀ǹpútà mọ́ iṣẹ́ lítíréṣọ̀, bíi ìwé ìtàn. Kò dìgbà tí ẹnikẹ́ni bá lọ forúkọ sílẹ̀. Bí a ti kọ ọ́ ni ẹ̀tọ́ ti bẹ̀rẹ̀, ó sì di 70 ọdún lẹ́yìn ikú ẹni tó kọ ọ́ kí ó tó tán.

Ẹjọ́ kan wà lórí irú ọ̀rọ̀ yìí tó kàn wá gbọ̀ngbọ̀n, nítorí àmì ìsàlẹ̀ ẹ, ọ àti ṣ ló dá a sílẹ̀. Ní oṣù kọkànlá 2007, Lagos Analysis Corporation, LANCOR, pe àjọ One Laptop per Child lẹ́jọ́ ní Ilé Ẹjọ́ Gíga Ìjọba Àpapọ̀ ní Èkó. Ọmọ Nàìjíríà ló dá LANCOR sílẹ̀, Massachusetts ní Amẹ́ríkà ni ibùjókòó rẹ̀, òun ló sì ṣe kíbọ́ọ̀dù Konyin. Mẹ́rin ni bọ́tìnnì shift tó wà lórí Konyin, kì í ṣe méjì, kí lẹ́tà àti àmì ohùn wa lè tètè jáde. Àjọ kejì ni èyí tí Nicholas Negroponte darí, tó fẹ́ fún ọmọ iléèwé kọ̀ọ̀kan ní kọ̀ǹpútà kékeré tó ń jẹ́ XO. Àwọn ọmọ iléèwé kan ní Galadima, Abuja, wà lára àwọn tó kọ́kọ́ lò ó.

LANCOR ní àjọ náà ra Konyin, ó tú inú rẹ̀ wò, ó sì fi ohun tó rí níbẹ̀ ṣe kíbọ́ọ̀dù XO ti Nàìjíríà. 20 mílíọ̀nù dọ́là ni wọ́n béèrè. Negroponte fèsì pé ọgbọ́n tí àwọn lò ti wà láti 1996, kí Konyin tó gba ìwé ẹ̀tọ́. Ọdún 1996 yẹn náà ni XKB jáde, ètò tó ń sọ fún kọ̀ǹpútà ohun tí bọ́tìnnì kọ̀ọ̀kan túmọ̀ sí, ó sì wà ní gbangba.

Ẹ wò ó, ohun tó wà nínú kíbọ́ọ̀dù kan ju ẹyọ kan lọ. Ìrísí rẹ̀ lè jẹ́ dísáìnì tí a forúkọ rẹ̀ sílẹ̀ lábẹ́ òfin páténtì àti dísáìnì ti 1970, ọdún márùn-ún márùn-ún, ẹ̀ẹ̀mẹta péré. Kóòdù tó ń gbé lẹ́tà jáde jẹ́ ti ẹni tó kọ ọ́. Èrò pé kí bọ́tìnnì kan mú lẹ́tà mẹ́ta wá, ẹ̀tọ́ oníṣẹ́ kì í ṣọ́ èrò. Lójú tèmi, ẹjọ́ Konyin di ìbéèrè kan ṣoṣo: níbo ni ẹ ti rí i, kí lẹ sì lè fi hàn?

Àwọn tó ń kọ Linux, ètò kọ̀ǹpútà tó jẹ́ open source, ti kọ́ ọgbọ́n pípa ẹ̀rí mọ́ yẹn ní ọ̀nà líle. Ní oṣù kẹta 2003, ilé iṣẹ́ SCO pe IBM lẹ́jọ́, wọ́n ní ó kó kóòdù Unix tó jẹ́ tàwọn sínú Linux. Bílíọ̀nù kan dọ́là ni wọ́n kọ́kọ́ béèrè. Ọ̀rọ̀ náà kò sì yanjú tán títí di 2021. Lọ́dún 2004, Linus Torvalds dábàá pé kí ẹnikẹ́ni tó bá mú kóòdù wá kọ orúkọ rẹ̀ sísàlẹ̀ rẹ̀, kó fi jẹ́rìí pé òun ní ẹ̀tọ́ láti fi í sílẹ̀. Ìlà kan péré ni, a sì ń kọ ọ́ títí dòní.

Láísẹ́nsì fúnra wọn kò dọ́gba. MIT kò béèrè ju pé kí orúkọ olúwa kóòdù àti ìwé ìyọ̀ǹda náà máa bá a lọ. GPL le ju ìyẹn lọ: ẹni tó bá fi í sínú áàpù tó ń tà gbọ́dọ̀ jẹ́ kí ẹni tó rà á rí kóòdù áàpù náà gbà lábẹ́ GPL kan náà. Apache ti 2004 àti GPL ẹ̀dà kejì dà bí ayálégbé méjì tí kò lè gbé yàrá kan. Pẹ̀lú ẹ̀dà kẹta ti 2007, wọ́n lè gbé pọ̀. Èyí tó sì ń mú ọ̀pọ̀ èèyàn ni pé kóòdù tí wọ́n mú wọlé ti pọn òmíràn sẹ́yìn, ìyẹn náà tún pọn tirẹ̀, láísẹ́nsì kọ̀ọ̀kan sì lè yàtọ̀.

Nítorí náà, kí ọmọ wa ní Àgbàdo tó da ohunkóhun sínú áàpù rẹ̀, kó ṣí fáìlì láísẹ́nsì kà, kó kọ ibi tó ti mú un àti ọjọ́ tó mú un sílẹ̀. Bí kò bá sí láísẹ́nsì, kó kọ̀wé sí olúwa rẹ̀. Ọ̀pọ̀ nínú wọn ló kàn gbàgbé ni, wọn yóò fi í kún un. Bí kò bá sí èsì, ọgbọ́n kan wà tí ilé iṣẹ́ Phoenix lò ní 1984 nígbà tó fẹ́ ṣe BIOS, ètò tó ń jí kọ̀ǹpútà, tó ń ṣiṣẹ́ bíi ti IBM. Àwọn kan ka ti IBM, wọ́n kọ ohun tó ń ṣe sílẹ̀. Ẹlòmíì, tí kò fojú kan kóòdù IBM rí, ló wá kọ tuntun. Kí ọmọ wa náà kọ ohun tí kóòdù yẹn ń ṣe sílẹ̀, kó sì wá ọ̀rẹ́ kan tí kò tíì rí i láti kọ tuntun.