Èèwọ̀ tí fóònù kò tíì ní

Ilé-ìfowópamọ́ kan wà nínú ìwé Rosewater tí iṣẹ́ àwọn òṣìṣẹ́ rẹ̀ kan kò ju pé kí wọ́n jókòó, kí wọ́n máa ka ìwé. Nàìjíríà ọdún 2066 ni ìtàn náà ti ń ṣẹlẹ̀, ayé sì ti dà bákan: àwọn ènìyàn wà tó lè wọnú ọkàn ẹlòmíràn lọ jí nọ́ńbà àṣírí owó rẹ̀. Ìwé tí àwọn òṣìṣẹ́ yẹn ń kà ló ń pariwo bo ọkàn àwọn oníbàárà, kí olè má baà gbọ́ ohun tí wọ́n ń rò.

Tade Thompson ló kọ ọ́, ọmọ Yorùbá tí wọ́n bí ní London, tó dàgbà ní Nàìjíríà, tó sì jẹ́ dókítà tó ń tọ́jú àìsàn ọpọlọ. Ìwé náà kọ́kọ́ jáde lọ́dún 2016, ó sì gba ẹ̀bùn Arthur C. Clarke ní Britain lọ́dún 2019. Nínú rẹ̀, nǹkan abẹ̀mí kan tí ojú lásán kò lè rí, tó wá láti ayé mìíràn, ti lẹ̀ mọ́ ara gbogbo ènìyàn, òun ló sì ń gbé èrò láti ọ̀dọ̀ ẹnì kan dé ọ̀dọ̀ ẹlòmíràn. Kaaro, tí ìtàn náà dá lé lórí, ń ṣiṣẹ́ ní ilé-ìfowópamọ́ yẹn. Bó bá fẹ́ já ara rẹ̀ gbà lọ́wọ́ nǹkan abẹ̀mí náà, ìpara clotrimazole ló ń fi para, èyí tí à ń rà ní kẹ́mísì fún làpálàpá.

Ẹni tó bá ti gbé ilé féèsì-mi-àì-féèsì-yú rí ní Ìkòtún tàbí Ẹ̀gbẹ́dá ti mọ ọgbọ́n ilé-ìfowópamọ́ yẹn tipẹ́. Bí tọkọtaya bá fẹ́ sọ ọ̀rọ̀ owó ilé-ìwé tàbí ọ̀rọ̀ àna, wọ́n á kọ́kọ́ yí rédíò sókè. Ògiri tó wà láàrin yàrá kò dí ohùn kankan lọ́nà. Ikọ́ ará yàrá kẹta ń dé yàrá kìíní.

Àlímọ̀ṣọ́, níbi tí Ìkòtún àti Ẹ̀gbẹ́dá wà, ni ìjọba ìbílẹ̀ tí èrò pọ̀ sí jù ní Èkó. Ètò ìkànìyàn ọdún 2006 ka 1,277,714 ènìyàn níbẹ̀, ìjọba ìpínlẹ̀ Èkó sì yarí pé iye wọn lé ní mílíọ̀nù méjì. Èyí ó wù kó jẹ́, ìwọ̀nba ilẹ̀ náà ni gbogbo wọn ń pín. Síbẹ̀ wọn kò gbé ìhòòhò. Ní ìdájí, kí ilẹ̀ tó mọ́ tán, korobá ti tò sẹ́nu balùwẹ̀ lẹ́yìn ilé. Ọkùnrin kan á ró táwẹ́lì, á di ike ọṣẹ mú, á kọjá níwájú ìyá àgbà tó ń gbálẹ̀. Ẹ kúu àárọ̀ mà. Ẹ kúu àárọ̀, ọmọ mi. Ojú ìyá kò kúrò lára ìgbálẹ̀. Bí ìjà bá ṣẹlẹ̀ lóru ní yàrá karùn-ún, odindi ilé á gbọ́; nígbà tílẹ̀ bá mọ́, wọ́n á kí ìyàwó bí wọ́n ṣe ń kí i lójoojúmọ́. Bí ọ̀rọ̀ bá fẹ́ le, àgbàlagbà kan á pè é, “Ìyá Kẹ́mi, ẹ bá mi dé ẹ̀yìnkùlé,” ibẹ̀ ni wọ́n á ti sọ ọ́. Gbogbo wọn gbọ́, kò sẹ́ni tó gbọ́.

Èèwọ̀ gan-an nìyẹn, bí ẹnikẹ́ni kò tilẹ̀ pè é bẹ́ẹ̀. Ó ní ibi tó burú sí: àìmọye obìnrin ni wọ́n ti lù lẹ́yìn ilẹ̀kùn tí gbogbo ilé mọ̀, tí wọ́n dákẹ́. Lórí ìyẹn, kò sí àwíjàre kankan. Ṣùgbọ́n ẹ wo iṣẹ́ tí èèwọ̀ yìí ń ṣe. Ó fún ènìyàn ní yàrá níbi tí bíríkì kò ti tó láti kọ́ ọ.

Isaac Asimov, òǹkọ̀wé ará Amẹ́ríkà, rí èyí láti ọ̀nà jíjìn. Nínú The Caves of Steel, tó jáde ní 1954, èrò ti pọ̀ láyé débi pé abẹ́ òrùlé ìlú ńlá ni gbogbo wọn ń gbé, balùwẹ̀ gbogboogbò ni wọ́n sì ń lò. Ọkùnrin tó bá wọ ibẹ̀ kò gbọdọ̀ bá ẹnikẹ́ni sọ̀rọ̀, kò gbọdọ̀ wo ẹnikẹ́ni. Àbùkù ńlá ni. Ìwé tó tẹ̀ lé e, The Naked Sun ti 1957, gbé wa lọ sí Solaria, níbi tí ènìyàn 20,000 péré ń gbé lórí odindi ayé kan, tí róbọ́ọ̀tì ń ṣe gbogbo iṣẹ́ fún wọn. Níbẹ̀ ẹ̀wẹ̀, kí ènìyàn méjì jókòó sínú yàrá kan náà ló ń rí wọn lára. Àwòrán ni wọ́n fi ń bára wọn sọ̀rọ̀. Obìnrin kan níbẹ̀ jáde láti ibi tó ti ń wẹ̀, ó yọ sí ọlọ́pàá tó wá láti ilé ayé níhòòhò, kò sì tijú rárá, nítorí lójú tirẹ̀ àwòrán lásán ni ọkùnrin náà ń wò, kì í ṣe òun.

Ohun tí mo rí mú nínú ìwé méjèèjì ni pé ìtìjú kì í dúró sójú kan. Níbi tí èrò ti há, ìwò ni wọ́n ń kà léèwọ̀. Níbi tí wọ́n ti jìnnà síra, ìsúnmọ́ra ni. Ọ̀nà tí a gbà ń gbé ló ń bí èèwọ̀, ó sì máa ń pẹ́ kó tó bí i. Láàrin ìgbà tí ọ̀nà tuntun dé àti ìgbà tí èèwọ̀ rẹ̀ dé, ènìyàn á fara gbọgbẹ́.

Inú àlàfo yẹn la wà báyìí, fóònù ló sì gbé wa síbẹ̀.

Ẹ mú ọ̀rọ̀ áàpù ayánilówó. Oníṣòwò kan ní ọjà Ìkòtún nílò owó kékeré láti fi kó ọjà. Áàpù náà kò béèrè onídùúró. Ohun tó béèrè ni pé kó tẹ ibì kan kí òun lè wo orúkọ àwọn tó wà nínú fóònù rẹ̀. Ó tẹ̀ ẹ́. Ọjọ́ ìsanwó kọjá díẹ̀, ni ọ̀rọ̀ bá bẹ̀rẹ̀ sí í wọlé sí fóònù àna rẹ̀, sí ti pásítọ̀, sí ti oníbàárà tó ra ọjà lẹ́ẹ̀kan ṣoṣo: àwòrán rẹ̀, orúkọ rẹ̀, àti àkọlé pé olè ni, oníjìbìtì ni. Lóṣù kẹjọ ọdún 2021, àjọ NITDA, tó ń bójú tó ìmọ̀ ẹ̀rọ ní Nàìjíríà, bu owó ìtanràn 10 mílíọ̀nù náírà lé ilé-iṣẹ́ Soko Lending lórí irú ìwà yìí.

Dídójúti ajigbèsè kì í ṣe tuntun nílẹ̀ Yorùbá. Samuel Johnson, òpìtàn Yorùbá, kọ nípa ológò sínú ìwé ìtàn rẹ̀ tó jáde ní 1921: ẹni tí wọ́n bẹ̀ lọ́wẹ̀ láti lọ jókòó sílé ajigbèsè, kó máa pariwo, kó máa di ilé lọ́wọ́ títí wọ́n á fi san gbèsè. Àwọn òṣómàáló Ìjẹ̀ṣà, tó ń ta aṣọ láwìn láti ìlú dé ìlú, náà a máa lóṣòó sẹ́nu ọ̀nà oníbàárà tó bá fẹ́ sá. Ìwà líle ni, n kò ní bò ó. Ṣùgbọ́n ológò ní ojú. Ilé ẹni tó jẹ gbèsè ló lọ, ẹsẹ̀ rẹ̀ ló gbé e dé ibẹ̀, wọ́n lè bẹ̀ ẹ́, àgbà àdúgbò lè ní ó tó. Ẹni tó ń tẹ ọ̀rọ̀ ránṣẹ́ fún áàpù kò mọ ẹnikẹ́ni, ilé tó sì ń wọ̀ kì í ṣe ti ajigbèsè nìkan.

Òfin ti ń sáré bọ̀ láti ẹ̀yìn. Abala 37 nínú òfin orílẹ̀-èdè ọdún 1999 ti dáàbò bo ilé, lẹ́tà àti ọ̀rọ̀ orí tẹlifóònù ọmọ Nàìjíríà. Ní 2022, àjọ FCCPC, tó ń dáàbò bo ẹ̀tọ́ oníbàárà, ya wọ ọ́fíìsì àwọn ayánilówó kan ní Ìkẹjà, ó sì ṣètò pé kí wọ́n forúkọ sílẹ̀. Ní 2023, Google fòfin de kí áàpù ayánilówó máa wo nọ́ńbà àti àwòrán inú fóònù. Lóṣù kẹfà ọdún kan náà ni òfin ààbò dátà Nàìjíríà di òfin. Ìlànà tuntun ti FCCPC ní 2025 sọ ìtanràn di ohun tó lè tó 100 mílíọ̀nù náírà. Síbẹ̀, ọdún kan lẹ́yìn òfin dátà náà, lóṣù kẹfà ọdún 2024, Paradigm Initiative, ẹgbẹ́ tó ń jà fún ẹ̀tọ́ lórí íntánẹ́ẹ̀tì, fi hàn pé ojúlé kan ń ta nọ́ńbà ìdánimọ̀ (NIN) àti nọ́ńbà ilé-ìfowópamọ́ (BVN) àwọn ènìyàn ní 100 náírà. Àjọ NIMC, tó ń fún ènìyàn ní NIN, ní kò sẹ́ni tó jí nǹkan lọ́dọ̀ òun.

Mo fara mọ́ gbogbo òfin wọ̀nyí, mo sì fẹ́ kí wọ́n múná sí i. Àmọ́ ìgbà tí ìtìjú bá ti ṣẹlẹ̀ tán ni òfin ń dé. Kò sí òfin tó ní kí ìyá àgbà yẹn má wo oníwẹ̀, kò sì sí ọlọ́pàá lẹ́yìnkùlé.

Ohun tí a kì í sábà sọ nìyí: áàpù náà kò lágbára kankan fúnra rẹ̀. Àwa tí wọ́n fi ọ̀rọ̀ ránṣẹ́ sí la fún un lágbára. Àwa la ń ṣí àwòrán yẹn, tí à ń fi sí àgbájọ WhatsApp ẹgbẹ́ onílé, tí à ń tún fi ránṣẹ́ sí ẹni tí kò mọ̀, pé “ẹ wo arábìnrin wa.” Ẹni kan náà tó gbé ojú sílẹ̀ ní kọ́rídọ̀ láàárọ̀ ló ń tan àwòrán ará yàrá kejì kálẹ̀ lálẹ́. Kì í ṣe pé ó yí padà di ènìyàn burúkú. Kò sẹ́ni tó tíì kọ́ ọ pé ibí yìí náà, kọ́rídọ̀ ni. Bí áàpù bá fi ọ̀rọ̀ ránṣẹ́ sí igba ènìyàn, tí igba ènìyàn pa á rẹ́, tí ẹnì kan ṣoṣo pe oníṣòwò náà ní ìkọ̀kọ̀ láti bi í bóyá kò sí nǹkan, irinṣẹ́ tí wọ́n fi ń gba gbèsè náà ti kú.

Ọ̀nà mìíràn sì wà fún ẹni tí irú ọ̀rọ̀ bẹ́ẹ̀ bá wọ fóònù rẹ̀. Lábẹ́ òfin ààbò dátà ti 2023, nọ́ńbà yín tó wà nínú fóònù ẹlòmíràn, dátà yín ni. Ẹni tí kò yá kọ́bọ̀ rí, tí wọ́n kàn fi gbèsè ọ̀rẹ́ rẹ̀ dà á láàmú, lè fẹjọ́ ayánilówó náà sun àjọ tó ń dáàbò bo dátà, kó ya ọ̀rọ̀ tí wọ́n fi ránṣẹ́ sí i bó ṣe wà kó tó pa á rẹ́, kó fi ṣe ẹ̀rí. Kò dìgbà tí ọ̀rẹ́ náà bá san gbèsè rẹ̀ tán.