Abala méje péré ni Dick Tiger fi ṣẹ́gun Fullmer n'Íbàdàn

Bí àwọn àgbà bá jókòó tí wọ́n ń sọ ìtàn ẹ̀ṣẹ́ kíkàn, dandan ni kí wọ́n dárúkọ Dick Tiger. Àwọn kan á ní ẹ̀ṣẹ́ kan ṣoṣo ló fi gbé òyìnbó Amẹ́ríkà kan ṣubú n'Íbàdàn, tí ìyẹn kò sì lè dìde mọ́. Lóòótọ́, ìròyìn kò tó àfojúbà, ṣùgbọ́n àkọsílẹ̀ ìjà náà ṣì wà nílẹ̀, kò sì sọ bẹ́ẹ̀.

Ọjọ́ Sátidé, ọjọ́ 10, oṣù Kẹjọ, ọdún 1963 ni ìjà náà wáyé ní pápá ìṣeré Liberty, n'Íbàdàn. Wọn kò tíì la ọ̀nà márosẹ̀ Èkó sí Ìbàdàn nígbà náà, ọdún 1978 ni wọ́n ṣí i. Ọ̀nà Ìkòròdú, tó gba Kétu àti Mile 12 kọjá lọ sí Ṣágámù, wà lára ọ̀nà tí àwọn ará Èkó ń gbà dé Ìbàdàn.

Richard Ihetu ni orúkọ Tiger gan-an, ọmọ Amaigbo nílẹ̀ Ìgbò ni. Ó ku ọjọ́ mẹ́rin kí ó pé ẹni ọdún 34 lọ́jọ́ náà. Gene Fullmer, ọmọ ìpínlẹ̀ Utah, jẹ́ ẹni ọdún 32. Ìgbànú àgbáyé àwọn tí kò gbọdọ̀ wúwo ju 160 pọ́n-ùn lọ ni wọ́n ń jà sí. Ọdún 11 lẹ́yìn rẹ̀ ni Muhammad Ali àti George Foreman ṣẹ̀ṣẹ̀ jà ní Kinshasa.

Ìgbà kẹta tí àwọn méjèèjì máa wàákò nìyẹn. Ní oṣù Kẹwàá, ọdún 1962, Tiger gba ìgbànú lọ́wọ́ Fullmer ní San Francisco lẹ́yìn abala 15. Ní oṣù Kejì, ọdún 1963, wọ́n tún ja abala 15 ní Las Vegas, wọ́n sì ta ọ̀mì.

Abala 15 náà ni wọ́n fi ìjà Ìbàdàn sí. Ṣùgbọ́n nígbà tí abala keje parí, Fullmer kò jáde fún ìkẹjọ. Àwọn tó ń tọ́jú rẹ̀ ló ní ó tó gẹ́ẹ́. Kì í ṣe ẹni tó máa ń tètè juwọ́ sílẹ̀, nítorí kí ó tó dé Ìbàdàn, Sugar Ray Robinson nìkan ló tíì dá ìjà rẹ̀ dúró láìpé àsìkò, ní 1957.

Àpapọ̀ abala tí àwọn méjèèjì fi kojú ara wọn jẹ́ 37. Tiger borí lẹ́ẹ̀mejì, wọ́n ta ọ̀mì lẹ́ẹ̀kan. Fullmer kò tún ja ìjà mìíràn mọ́ láyé rẹ̀. Nínú ìjà 64, ó borí nínú 55, ó pàdánù mẹ́fà, ó ta ọ̀mì mẹ́ta.

Ara kò rọ ilẹ̀ Yorùbá lásìkò náà. Olóyè Ọbáfẹ́mi Awólọ́wọ̀ wà níwájú adájọ́ l'Ékòó, oṣù kan lẹ́yìn ìjà yìí ni wọ́n sì rán an lẹ́wọ̀n ọdún mẹ́wàá. Síbẹ̀, ọmọ Ìgbò ni Ìbàdàn gbà lálejò, tí wọ́n sì hó ìhó ayọ̀ fún bí ọmọ tiwọn.

Ogun abẹ́lé bẹ̀rẹ̀ ní 1967. Tiger dúró ti Biafra, ó sì dá àmì ẹ̀yẹ MBE padà fún ìjọba Gẹ̀ẹ́sì ní 1969. Àrùn jẹjẹrẹ ẹ̀dọ̀ ló pa á ní Aba, ní oṣù Kejìlá, ọdún 1971. Ìjà 82 ló jà, ó borí nínú 60.

Láti 2010, orúkọ Awólọ́wọ̀ ni pápá ìṣeré náà ń jẹ́. Ẹni tí ọmọ rẹ̀ bá wá béèrè ohun tó ṣẹlẹ̀ níbẹ̀, kí ó sọ fún un pé abala méje ni, àti pé ọmọ Ìgbò ló jà á nílẹ̀ Yorùbá, gbogbo Nàìjíríà sì bá a yọ̀.