Ọdẹ Tí Ó Ń Ré Ààlà Kọjá

Kí ó tó di oṣù kẹjọ ọdún 1991, ìpínlẹ̀ kan náà ni ọdẹ Ilé-Ifẹ̀ àti ọdẹ Ìgbẹ́tì wà. Lónìí, ọdẹ Ifẹ̀ tí ó bá wá ẹran dé Òkè-Ògùn ti ré ààlà Ìpínlẹ̀ Ọ̀ṣun kọjá; àlejò ni. Àwọn àgbà sì ti wí pé àlejò lójú, ṣùgbọ́n kò fi ríran.

Nítorí náà, kí ó tó ki ẹ̀tù sí ẹnu ṣakabùlà rẹ̀, kí ó gba ìwé àṣẹ, nítorí òfin ìbọn ọdún 1959 kò yọ ṣakabùlà sílẹ̀. Kí ó lọ kí olórí ọdẹ ìlú náà. Kí ó sì jìnnà sí ọgbà ẹranko ìjọba àpapọ̀ tí ó wà ní ahoro Ọ̀yọ́-Ilé. Èèwọ̀ ni ọdẹ ṣíṣe níbẹ̀.

Èyí tí ó wúwo jù ni ọ̀ràn abo ẹran. Ní Ìpínlẹ̀ Colorado ní Amẹ́ríkà, ọdẹ àlejò lè fi irú ìbọn yìí pa abo elk, ẹran ńlá tí ó jọ àgbọ̀nrín, nínú oṣù kẹsàn-án. Ṣùgbọ́n ìjọba ibẹ̀ ti ṣírò agbo ẹran kí ó tó pín ìwé àṣẹ. Ẹ̀yin ará wa, ta ni ó ka àgbọ̀nrín tiwa? Ẹni tí ó pa abo olóyún ti jẹ ẹran ọdún tí ń bọ̀.

Ẹ̀yin olùkọ́, ẹ fi èyí kọ́ àwọn ọmọ. Ẹ̀yin ọdẹ, ẹ̀ẹ̀kan ṣoṣo ni ṣakabùlà ń dún kí a tó tún un ki. Ẹ wo orí ẹran kí ẹ tó yìn ín: abo àgbọ̀nrín kò ní ìwo. Bí ó bá jẹ́ abo, ẹ jẹ́ kí ó kọjá.